Òkúta Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Òórùn epo tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó gbọ́ ariwo, kí gbogbo ẹ́sítéètì wa ní Ajah tó ṣókùnkùn. Tiransifọ́mà wa ló gbiná. Ìgbà ooru ni, gbogbo ilé ló sì ti tan ohun gbogbo tí wọ́n ní. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà láìsí iná. Ní tèmi, ìyà náà kò ju kí n máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi lọ. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ilé tí mo ń gbé, ìyá kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe ọkọ wọn, ẹ̀rọ kan tó ń lo iná ni wọ́n sì fi ń mí. Ìgbàkígbà tí iná bá lọ, màmá á sáré jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Nígbà tí tiransifọ́mà tuntun dé, àwọn tó gbé e kalẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé bí a bá tún di ẹrù lé e bíi ti àkọ́kọ́, yóò jó. Ni alága ẹ́sítéètì bá ní kí n wá kọ́ àwọn ará ilé bí a ṣe ń lo iná níwọ̀n, torí ìmọ̀ iná mànàmáná ni mo kà ní yunifásítì, kò sì tíì ju ọdún kan lọ tí mo jáde. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo wọ kóòtù nínú ooru. Mò ń da òyìnbó ńláńlá sílẹ̀, mò ń pe kílówáàtì bí ẹni ń ki oríkì. Kí n tó ṣe é dé ìdajì, àwọn kan ti ń tòògbé. Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, alhaji kan tí amúlétutù mẹ́rin wà nílé wọn nawọ́ sókè.

"Àǹtí oníná, ṣé ẹ ò ní omi tútù ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Màmá Tíṣà ló wá bá mi jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Ọmọ mi, ohun tí o sọ dáa, àmọ́ etí nìkan lo sọ ọ́ fún. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ. Ohun tí èèyàn bá fi ṣeré kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àgbà náà ń ṣeré."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ̀ sára igi fúrúùtù ẹnu géètì. Okùn yẹn ni tiransifọ́mà wa. Mo ṣa òkúta níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan: èyí tó tóbi jù ni amúlétutù, àwọn tó tẹ̀lé e ni áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, àwọn wẹ́wẹ́ sì ni fáànù àti gílóòbù. Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n rọra gbé òkúta kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tí bàbá yín fi ń mí nìyí." Mo wá pariwo pé, "Aago méje ìrọ̀lẹ́ ti lù, ooru mú! Ẹ tan ohun tó bá wù yín!"

Tọmọdé tàgbà ló ń rọ́ òkúta sínú rẹ̀. Alhaji da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwọn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn já, bọ́kẹ́ẹ̀tì balẹ̀ gbàmù, òkúta fọ́n ká, ẹ̀rín sì sọ, àwọn ọmọdé ń ké pé, "Wọ́n ti mú iná lọ!"

Màmá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá òkúta tiwọn nínú iyanrìn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín kú mọ́ wa lẹ́nu. Alhaji ló bá wọn rí i. Alhaji fi ẹ̀wù wọn nù ún kí wọ́n tó dá a padà fún màmá.

"Màmá, ẹ má bínú. A ò mọ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ so okùn míì. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Lọ́tẹ̀ yìí, òkúta ńlá kan ṣoṣo ni alhaji fi sínú rẹ̀. Ìyá kan ní òun á máa lọ aṣọ láàárọ̀, ilé kejì ní ọ̀sán làwọn á máa fa omi. Okùn le tantan, ṣùgbọ́n kò já. Alága mi orí, wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Eré nìyẹn ṣá o. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ooru mú burúkú. Mo dúró lójú fèrèsé bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò. Aago méje lù. Aago mẹ́jọ lù. Iná kò ṣẹ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Tíṣà pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ojú wọn mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọge.

"Ọmọ mi, mo sùn lánàá."

Bàbá lo ọdún méjì sí i láyé, nígbà tí wọ́n sì máa lọ, wọ́n lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í ṣe àìsí iná ló pa wọ́n. Mo ti kó lọ sí Ṣàngótẹ̀dó báyìí, eré òkúta yìí ni mo sì fi ń kọ́ àwọn èèyàn káàkiri, mi ò wọ kóòtù mọ́. Àmọ́ títí dòní, bí ooru bá mú ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò sì lọ, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, n ó sì mí kanlẹ̀.