Bírò Pupa àti Ìwé Ìfẹ́ Ìyàwó Rẹ̀

Bírò Pupa ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ó lè máà dáhùn. Olóòtú ni nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Ohun tí àwọn akọ̀ròyìn bá kọ, òun ló ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn, á gé e. Èyí tí kò bá wúlò, á fa ìlà pupa lé e lórí. Orí kọ̀ǹpútà làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n tirẹ̀, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì rí bírò, ó jáde nílé láìwẹ̀ ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ síbi iṣẹ́. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ìyàwó a máa ka ìwé ìtàn sí i létí lọ́jọ́ ìsinmi. Kó tó ka ojú ìwé kan tán, ọkọ á ti ní, "Dúró ná. Gbólóhùn yẹn gùn jù." Tó bá tún ṣe díẹ̀, "Ṣé òǹkọ̀wé yìí ò mọ̀ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Ìyàwó fara dà á títí, ó sú u, ó pa ìwé dé. Ọkọ ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó dáwọ́ dúró.

Ẹ wá wo ẹni tó ń jowú báyìí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ìyàwó yìí ń ṣe. Òun ló ń kọ ètò tó ń mú kí fóònù ṣe ohun tí èèyàn bá ní kó ṣe. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé lórí fóònù, wọ́n á máa ka ìwé kan náà síra wọn létí. Bírò Pupa rò pé ìwé kọ̀ǹpútà ni. Àṣé ìwé ìfẹ́ ni! Ọkùnrin àti obìnrin, omijé àti ìdágbére ní ibùdókọ̀ ojú irin.

"Pẹ̀lú gbogbo ọpọlọ yín yìí," ó ní, "ìwé ìfẹ́ lẹ wá ń kà?"

"Bàbá Ìbejì, a ti ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè," ìyàwó dá a lóhùn. "Ọkàn náà ń fẹ́ oúnjẹ tirẹ̀."

Ìwé kọ́ ló ń dun Bírò Pupa ṣá o. Ohùn ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, ohùn rẹ̀ a máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń da òróró sínú ìgò. Tó bá ti kan ọkùnrin yìí láti kà, ìyàwó Bírò Pupa á gbé ẹsẹ̀ sórí àga nínú yàrá, á dijú, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ á wà ní pálọ̀, á ṣe bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n á ti pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rín yẹn, òun ló ni ín tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni Bírò Pupa ń wá kòkòrò tirẹ̀ lọ.

"Ṣé ọkùnrin yẹn tiẹ̀ níyàwó?" ó bèèrè lọ́jọ́ kan.

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó ń fi imú kàwé yẹn."

Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó níyàwó. Ìyàwó rẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ wa."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, àmọ́ owú kì í gbọ́ àlàyé. Lọ́sàn-án Fúráìdè kan tó gba ìsinmi, tí ìyàwó sì wà níbi iṣẹ́, ó lọ mú ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ tó ń mú ohùn ọkùnrin dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó yọ ṣùtì sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Nígbà tó máa fi dé ìkẹta, ìtàn ti mú un. Ó ń kà á lọ títí géètì fi dún, ló bá sáré dá ìwé padà síbi tó ti mú un. Ohun tí kò rántí ni pé bírò wà lọ́wọ́ òun ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ orí mọ́.

Sátidé dé, ìyàwó ló kàn láti kà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ṣí ojú ìwé kan, ó dá kíkà dúró lójijì.

"Mà, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ wa?" sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bèèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀." Ó fi fóònù sílẹ̀, ó gbé ìwé náà wá bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀.

Níbi tí ọkọ inú ìtàn ti ń sọ bó ṣe nífẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó, ohun tí kò sọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ìlà pupa la gbogbo ọ̀rọ̀ náà já. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Kò wúlò. Obìnrin náà ti mọ̀."

"Ìyá Ìbejì, mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ọwọ́ mi ni. Màá ra òmíràn fún ẹ."

"Ṣé ìwé ni mò ń sọ?" Kò pariwo, ìyẹn ló sì ba ọkọ lẹ́rù. "Ẹ̀ ń jowú ọkùnrin yẹn lásán. Kò ṣe mí ní nǹkan kan ju pé ó ń ka gbogbo ẹ̀, kò sì fo ìkankan. Ta ló sọ fún yín pé obìnrin náà ti mọ̀?"

Ọkọ na ọwọ́. "Gbé e wá, kí n kà á."

Kí ìyàwó tó gbé ìwé fún un, ó kọ́kọ́ yọ bírò lápò ọkọ. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ ha, ìlà tí òun fúnra rẹ̀ fà sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lójú. Ó dé ìdajì, ó dúró. "Gbólóhùn yìí..."

Ìyàwó ń wò ó.

Ó gbé e mì, ó kà á títí dé òpin. Nínú yàrá, wọ́n ṣì ń pe ìyàwó lórí fóònù, kò yíjú síbẹ̀.

"Ẹ tún un kà," ó ní.

Bírò Pupa tún un kà.