Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Dáhùn Lórí Afẹ́fẹ́?

Dókítà elétí tó wà ní Ring Road kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní etí ọ̀tún bàbá mi ti lọ, tòsì náà ń tẹ̀ lé e, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró. Ó ní kí a tètè sọ ohun tí a bá ní í sọ fún wọn. Nígbà tí a wọ mọ́tò, mo bi bàbá mi, ariwo ni mo tilẹ̀ pa, pé kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ kí etí yìí tó di pátápátá. Mo rò pé wọ́n á ní orin kan, tàbí ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ pe èèyàn lórí afẹ́fẹ́, kó sì dá mi lóhùn."

Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé ó wù wọ́n. Kì í ṣe ti iṣẹ́, kì í sì ṣe ti ọlọ́pàá. Ìjọba ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, oníkálukú sì ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Bódìjà kún fún ohùn àwọn èèyàn tí a kò fojú rí rí. Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ bàjẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ kú, fóònù dé, yàrá náà wá di ibi tí à ń kó àpò ìrẹsì sí. Lẹ́yìn ikú màmá wa, èmi náà ṣe ìdánwò, mo gba ìwé àṣẹ tèmi, kí èmi àti bàbá lè ní ohun tí a ó jọ máa ṣe, àmọ́ n kò tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, mo pinnu pé bàbá mi máa gbọ́ ìdáhùn, bí mo tilẹ̀ máa rin Ìbàdàn já. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé orí kunkun mi kì í ṣe eré.

Wokitókì ọwọ́, irú rédíò kékeré tí mo ní, kì í lọ jìnnà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ripítà. Wọ́n á gbé e sórí òkè tàbí ilé gíga, á gba ohùn èèyàn, á sì tún un sọ tagbáratagbára kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Mo wá ripítà Ìbàdàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí ọ̀pọ̀ wọn àti nọ́ńbà tí èèyàn máa yí rédíò sí kó tó lè dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ní ó wà ní Mọ́kọ́lá, mo gun òkè débẹ̀, pátákó ìpolówó ni mo bá. Ti Dùgbẹ̀, ibi tí mo ti ń pè é níwájú ilé ìfowópamọ́ kan ni mẹ́gáàdì ti ní kí n jọ̀wọ́ kí n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé èmi ni mò ń ṣọ́nà fún adigunjalè. Ẹni tó kọ nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò padà wá pa á rẹ́ nígbà tó di irọ́, Ọlọ́run á bi í.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní ní Àgbowó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn kì í kán mi lójú, ṣùgbọ́n lásìkò yẹn, mo le ju bí mo ṣe máa ń le lọ. Mo ń tètè ti ìlẹ̀kùn kí n lè lọ gbìyànjú nọ́ńbà mìíràn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí nọ́ńbà tán, mo dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sọ lẹ́tà mi, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Rédíò ṣe "ṣìì" díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bàbá mi ti kọ́ mi pé bí ripítà bá gbọ́ èèyàn, ohun tó máa ń ṣe nìyẹn. Mo fò sókè bí ọmọdé. Ripítà kan wà láàyè!

Ripítà wà láàyè lóòótọ́, èèyàn ni kò sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, mo ń pè: "Ẹ jọ̀wọ́, láti Bódìjà ni o, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?" Ṣìì, ó parí. Bàbá mi á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n ti dé?" Èmi náà á ní, "Wọn ò tíì dé, sà," bí ẹni pé ọjà ni àwọn èèyàn náà lọ. N kò gbà kí bàbá fúnra wọn pè. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá pè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ìyẹn á dùn wọ́n ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ.

Mo wá rò ó pé ripítà kì í san owó iná fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹni náà sì nílé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí òrùlé kiri, nínú takisí, nínú kẹ̀kẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi antẹ́nà gbọọrọ pamọ́. Ní Challenge, mo rí ọ̀kan, ilé iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Ní Akóbò ni mo ti rí ojúlówó. Mo pariwo mọ́ oníkẹ̀kẹ́ pé kó dúró, mo sì lọ kan géètì.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ lẹ́tà mi. Wọ́n lanu.

"Háà! Àbí ẹ̀yin ni màdáàmù Bódìjà tó ń pè wá nírọ̀lẹ́?"

"Ẹ ń gbọ́ mi ni, sà?"

"Gbogbo ẹgbẹ́ onírédíò wa ló ń gbọ́ yín. Ìyàwó mi gan-an ti mọ ohùn yín."

Inú bí mi gan-an. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n ṣàlàyé. Alága ẹgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, òun náà ló máa ń gba àlejò. Alága ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, kò sì fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀.

"Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, màdáàmù. Ta lèmi tí màá gba àlejò níṣojú igbákejì alága?"

"Igbákejì ńkọ́, sà?"

"Ó ní akọ̀wé ju òun lọ lọ́jọ́ orí. Akọ̀wé sì ní igbákejì ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń jókòó ti rédíò nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ etí bàbá mi fún bàbá Akóbò. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ní àwọn á gbé e síwájú ìpàdé bí alága bá dé.

"Sà," mo ní, "etí bàbá mi kò mọ Kánádà."

Nígbà tí mo délé, mo ké gbogbo rẹ̀ sétí òsì bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni alága yẹn?"

"Ó ti lé ní àádọ́rin, sà."

"Ọmọdé ni. Gbé rédíò yẹn wá."

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin. Mo gbé e fún wọn, mo ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Bàbá tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sọ lẹ́tà àtijọ́ wọn, wọ́n rọra ní, "Èmi bàbá arúgbó kan ní Bódìjà ni mo ń kí gbogbo yín. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Ọmọ Yorùbá wo ni àgbàlagbà á ṣáájú kí, tí á dákẹ́? Gbogbo wọn tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ń gun orí ohùn, rédíò ń pariwo, a ò gbọ́ ohun kan pàtó. Nígbà tó rọlẹ̀, ohùn bàbá Akóbò ló kọ́kọ́ jáde: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà! Ẹ má bínú, sà, àwa ló yẹ ká ti kọ́kọ́ kí yín!" Igbákejì tẹ̀ lé e, akọ̀wé náà ní òun wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, bí ẹni pé a lè rí i. Wọ́n ń béèrè ìlera bàbá mi, wọ́n ń béèrè irú rédíò tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́.

Mo fẹnu sún mọ́ etí bàbá mi kí n lè tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Dákẹ́," wọ́n ní. "Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."