Ihò Ìṣó Méjì Lára Ògiri

Mo rántí ìgbà tí òórùn ìwé àlòkù jẹ́ òórùn iṣẹ́ mi. Ní ọjà Ndogbong ni mo ti ń tú ìdì wọn, ìwé tí àwọn òyìnbó ti kà pa tì, tí ọkọ̀ òkun kó wá sí èbúté Douala. Àwọn ọdún tí gbogbo ènìyàn ń pè ní la crise ni. Ìjọba gé owó oṣù, báńkì ń tìlẹ̀kùn, àwọn olùkọ́ tó máa ń ra ìwé lọ́wọ́ mi wá ń bẹ̀ mí kí n bá wọn ta tiwọn. Nígbà tí oníbàárà kò sí, àwọn ọlọ́jà yòókù ń lé eṣinṣin. Èmi ń kàwé.

Nínú ìdì kan ni mo ti rí ìwé pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n kọ fún àwọn tó bá wá wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á títí mo fi mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ fi òkúta ṣe ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ roboto bí òṣùmàrè, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn sì ṣe tiwọn ní ṣóńṣó. Mo mọ̀ pé ilé agogo dé lẹ́yìn; pé wọ́n ya àwòrán àwọn ẹni mímọ́ sára ògiri, pé ọba kan dé tó ní kí wọ́n fi ẹfun bò wọ́n, àti pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran, ẹnìkan rọra họ ẹfun náà, ó bá ojú tó ń wo òun. Èyí tó wù mí jù ni gbólóhùn ìkẹyìn: ilẹ̀kùn kì í wà ní títì lọ́sàn-án, kí àlejò máa wọlé.

“Baálé mi,” ni ìyàwó mi máa ń wí, “bí ẹ bá ti ka ṣọ́ọ̀ṣì wọn tán, ẹ rántí pé òrùlé tiwa ń jò.”

Kì í ṣe òrùlé wa nìkan ló ń jò. Ní mọ́sálásí àwọn Yorùbá tó wà lẹ́yìn ọjà, jàmáà ti fẹ́ pín sí méjì lórí àkókò ìrun Alásárì. Bàbá kan tó ń ta aṣọ di kàléńdà kan mú, èyí tí wọ́n tẹ̀ fún Ìlọrin, tí àkókò ìrun ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ládàánì wa, arúgbó tó ń pe ìrun, ń fi ẹsẹ̀ wọn òjìji ara rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ládàánì a ti pè, a ti kí i tán, kí bàbá aláṣọ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tó dìde kí tiwọn.

“Ṣé oòrùn Ìlọrin ló ń ràn ní Douala ni?” ni ládàánì á bi í.

“Ṣé ẹsẹ̀ yín wá ni aago? Ẹsẹ̀ tó ti wú!”

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá aláṣọ ní òun yóò kó àwọn ènìyàn òun lọ sí pálọ̀ òun ní àdúgbò Kotto, kí wọ́n máa kírun níbẹ̀. Jàmáà yẹn ló ń sìnkú wa, òun ló ń bọ́ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ó bá pín, ta ni yóò gbé ta ni ní ìlú onílùú? Mo pinnu pé kò ní pín lójú mi.

Ìwé mi ló fún mi lọ́gbọ́n. Àwòrán kan wà níbẹ̀: ihò kékeré lára ògiri gúúsù ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí ilà tàn ká láti inú rẹ̀. Wọ́n ń ki igi bọ ihò náà. Bí òjìji igi bá ti kan ilà kan, àlùfáà mọ̀ pé àkókò ìsìn tó. Mo gbé e lọ bá Lèmọ́mù. Mo ṣàlàyé pé kàléńdà náà kò purọ́, Ìlọrin ló ń sọ òtítọ́ fún. Douala wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, oòrùn wa sì máa ń ṣáájú tiwọn.

“Níbo lo ti rí i? Nínú ìwé kèfèrí?” ni bàbá aláṣọ wí.

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú. Òjìji ò lẹ́sìn.”

Mọ́sálásí kọjú sí Mẹ́kà, nítorí náà ògiri rẹ̀ kò bá a mu. Ògiri ọgbà ló kọjú sí gúúsù gan-an. Mo kan ìṣó mọ́ ọn. Ládàánì ń wọn òjìji rẹ̀, èmi ń fa ilà. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ìṣó náà kò tàsé. Bàbá aláṣọ a wá, a wo ògiri, a ráhùn díẹ̀, a sì tò sí sàfù pẹ̀lú wa. Mo ń rìn bí ẹni tó dá oòrùn.

Oṣù kẹrin dé, òjìji sọnù. Oòrùn ń jó gbogbo ọjà, ṣùgbọ́n ògiri mi ṣókùnkùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oòrùn ọ̀sán kì í kúrò ní gúúsù láé. Ní Douala, ó máa ń gba orí wa kọjá lọ sí àríwá fún oṣù bíi mélòó kan. Mo mọ ìtàn gbogbo òkúta tó wà ní abúlé tí n kò dé rí. N kò mọ ọ̀nà tí oòrùn orí ara mi ń gbà.

“Alága ṣọ́ọ̀ṣì,” ni bàbá aláṣọ kí mi, “ṣé àlùfáà yín lọ sinmi ni?” Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó tún tú kàléńdà rẹ̀. “Jímọ̀ tó ń bọ̀, Kotto.”

Mo padà sínú ìwé, mo sì rí ohun tí mo ti fi ìkánjú kà kọjá. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, àwọn ará abúlé náà kọ́ ìloro síwájú ilẹ̀kùn wọn, ìloro sì gba oòrùn mọ́ àmì yẹn lójú. Wọn kò pa á rẹ́, wọn kò sì torí rẹ̀ wó ìloro. Wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ibi tí oòrùn wà.

Mo mú òòlù àti ìṣó, mo lọ sí ẹ̀yìn ògiri kan náà, níhà àríwá. Mo ránṣẹ́ pe bàbá aláṣọ.

“Bàbá, ẹ bá mi di ìṣó mú.”

“Kí o lè fi òòlù gbẹ̀san?”

“Kí ẹ lè sọ ní Kotto pé ọwọ́ yín ló kàn án.”

Ó dì í mú. Ládàánì bọ́ bàtà, ó wọn òjìji rẹ̀, ó ní, “Aláṣọ, ẹsẹ̀ tó wú yìí náà ló tún ń pè ọ́ o.” Bàbá aláṣọ kọ́kọ́ fajú ro, ẹ̀rín sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tí n ó fa ilà sí. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò lọ sí Kotto. Nígbà tí òjò ńlá Douala wá bo oòrùn pátápátá, a jọ ń fojú bù ú ni, kò sì sí ẹni tó jà. Ẹni tó bá ti di ìṣó mú kì í tún pe ògiri ní òpùrọ́.

Fóònù ló ń pe gbogbo wa sí ìrun báyìí. Bàbá aláṣọ àti ládàánì ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn, jàmáà kan náà ló sin àwọn méjèèjì. Ìpẹta ti jẹ àwọn ìṣó náà, ṣùgbọ́n ihò wọn, tó ti fẹ̀ gba orí ìka, ṣì wà lójú méjèèjì ògiri náà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí wọn.

N kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ọmọbìnrin mi ló ń gbé níbẹ̀, òun ló sì wá abúlé náà kàn ní ọdún tó kọjá, tó pè mí láti inú ìloro.

“Bàbá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sì sí ènìyàn kankan níbí. Mo ti rí ihò yín.”

“Ṣé oòrùn kàn án?”

“Rárá o. Òkùnkùn ni.”

Mo ní kó fi ìka rẹ̀ bọ̀ ọ́, kó dúró díẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èmi náà ti dìde lọ sí ìdí ògiri, mo fi ìka mi bọ tèmi.