Kò Sẹ́ni Tó Bi Mí Léèrè Iṣẹ́ Mi

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Ojú tí mo fi ń wá oúnjẹ jẹ láti kékeré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún ní kí n máa dúpẹ́.

Fìlà ni mo máa ń fọwọ́ ṣe ọ̀nà sí lára. Ìyá mi ló kọ́ mi nílé wa ní Ìsọlọ̀. Láti kékeré náà ni n kì í ti í ríran jìnnà. Èèyàn á juwọ́ sí mi láti òdìkejì títì, n ò ní mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n á ní ìgbéraga ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ awò ojú mi, tí mo gbé fìlà sún mọ́ imú báyìí, kò sí òwú tó lè sá pamọ́ fún mi. Àwọn oníbàárà mi lọ́jà Aswani máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú ni mo fi ń ránṣọ.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ pé wọ́n ń fi iná léésà tún ojú ṣe nílé ìwòsàn kan lápá Àgọ́ Palace. Ó ní kí n lọ gba ara mi lọ́wọ́ gíláàsì. Awò mi nípọn bí ìdí ìgò, ó ti dá ojú ọgbẹ́ sí mi nímú. Mo lọ.

Dókítà tí mo bá níbẹ̀ kéré sí àbúrò mi tó kéré jù. Ẹnu rẹ̀ dùn. "Mọ́mì, ẹ má wọ̀ọ́rì rárá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tó bá fi máa di ọ̀la, ẹ máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti òkèèrè." Wọ́n wọn bí ẹyinjú mi ṣe nípọn tó. Wọ́n bi mí bóyá mo ní àtọ̀gbẹ, bóyá mo lóyún. Wọ́n kán oògùn sí mi lójú, gbogbo nǹkan di kúrukùru, ìgbà náà gan-an ni nọ́ọ̀sì wá kó ìwé rẹpẹtẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo béèrè ohun tó wà níbẹ̀. "Fọ́ọ̀mù lásán ni, ma." Wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í bá oníṣègùn jiyàn. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò le. Oògùn pa ojú mi kú tipiri, wọ́n fi irin kékeré kan la ìpéǹpéjú mi kí n má baà ṣẹ́jú, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ iná kan. Nǹkan tẹ̀ mí lójú, ó ṣókùnkùn díẹ̀, mo wá ń gbóòórùn bí irun tó ń jóná. Nígbà tí mo délé, ojú ń ta mí bíi pé wọ́n bu ata sí i. N ò gbọdọ̀ fọwọ́ ra á, omi ò sì gbọdọ̀ kàn án. Tí mo bá fẹ́ kírun, iyanrìn ni mo fi ń rọ́pò omi àlùwàlá.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí ewé lórí igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo sunkún ayọ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń ka àkọlé ṣọ́ọ̀bù òdìkejì sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo mú abẹ́rẹ́. Mo gbé e sún mọ́ imú bí ìṣe mi. N ò rí ihò rẹ̀. Mo ní ojú ò tíì jinná. Mo dúró fún oṣù mẹ́ta, ihò ò yọjú. Àwọn tó gbé fìlà fún mi ti ń wá gbé e padà.

Mo padà lọ bá dókítà. Ó yẹ̀ mí wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú yín pé pérépéré, Mọ́mì. Téèyàn bá ti lé lógójì ọdún, ojú kì í rí nǹkan ìtòsí dáadáa mọ́. Àìríran jìnnà yín yẹn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, a sì ti bá yín mú un kúrò. Ẹ kàn máa lo gíláàsì ìkàwé. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ sáìnì."

Gíláàsì! Mo kúkú ti ra ọ̀kan l'Óṣòdì. Ó ń fi ihò abẹ́rẹ́ hàn mí, àmọ́ bí mo bá ti gbé fìlà sún mọ́ imú, gbogbo rẹ̀ tún dàrú, ọwọ́ mi ò sì mọ iṣẹ́ ṣe láti ọ̀nà jíjìn.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò sọ fún wa pé abẹ́rẹ́ lẹ fi ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ bi mí bóyá mo lóyún! Ojú lẹ wò, ẹ ò wo ẹni tó lojú!"

Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, mo rí obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti bíírò lọ́wọ́. Wọn ò tíì kán oògùn sí i lójú. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú, ó ń kà á. Mo jókòó tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín."

Nọ́ọ̀sì sáré dé. "Mọ́mì, ẹ má dẹ́rù ba pésẹ́ńtì wa."

Mo gba bíírò lọ́wọ́ obìnrin náà, mo jù ú sínú báàgì mi. "Ẹ lọ bi dókítà bí ẹ ó ṣe máa rí ihò ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá ṣe é tán. Tó bá dá yín lóhùn, ẹ wá gba bíírò yín."

Ó wọlé lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Láti ibi tí mo jókòó sí nísàlẹ̀ kọ́rídọ̀ lọ́hùn-ún, mo rí ojú dókítà náà kedere nígbà tí obìnrin yẹn béèrè. Ó tún yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, bíírò sì wà nínú báàgì mi.