Ìyá Télọ̀ àti Ọgbọ̀n Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Yàrá kan ni Ìyá Télọ̀ ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Bí èèyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ojú máa kọ́kọ́ bá, torí abẹ́ fèrèsé ló gbé e sí kí ó lè rí ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tábìlì kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì, àga méjì sì wà nídìí tábìlì náà. Ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga kejì mọ́, àfi oníbàárà tó bá ń dúró kí wọ́n ṣẹ́ etí ṣòkòtò rẹ̀ fún un.

Ogójì ọdún ó lé méjì ló ti fi ń ránṣọ, kò sì sí irú ẹjọ́ tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu oníbàárà. Àwọn kan á gbé aṣọ wá, wọ́n á jù ú sórí tábìlì, wọ́n á ní, "Aṣọ yìí ò dáa." Ìyá Télọ̀ kì í bá wọn jà. Á ní kí wọ́n wọ̀ ọ́, á mú ṣọ́ọ̀kì, á ní, "Ẹ fi ìka kan ibi tó ti há yín." Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n bá fi ìka kàn kì í ju ìwọ̀n èékánná lọ. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀, á tú òwú ibẹ̀ nìkan, kò ní fọwọ́ kan ibi yòókù.

Ìjọ tó ń lọ kò jìnnà sílé rẹ̀. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò ju ogójì èèyàn lọ, gbọ̀ngàn kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni wọ́n ń lò. Bẹ́ńṣì mẹ́jọ péré ni wọ́n ní. Ìkẹta ni tọkọtìyàwó náà máa ń jókòó sí, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àgbà kan àti àbúrò nọ́ọ̀sì náà. Bí ẹnì kan bá pa ìsìn jẹ, kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹlòmíì á ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó yan ẹnikẹ́ni síṣẹ́ náà. Bẹ́ńṣì ló ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àlàfo tó bá wà láàárín èèyàn mẹ́rin kò ṣeé fi pa mọ́.

Ìjọ náà wá dàgbà, ó sì dàgbà dáadáa. Wọ́n kọ́ ilé tuntun, wọ́n to ẹgbẹ̀rún àga oníke sínú rẹ̀. Ìsìn di méjì: ti aago mẹ́jọ, àti ti aago mẹ́wàá ààbọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ dúdú ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi àga han èèyàn bí kálukú ṣe ń dé, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ibì kan má baà ṣófo. Ètò tó dára ni. Ìyá Télọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ètò. Ṣùgbọ́n ètò yìí ló tú bẹ́ńṣì kẹta ká. Nọ́ọ̀sì àgbà àti àbúrò rẹ̀ mú ìsìn àkọ́kọ́, Ìyá Télọ̀ mú ìkejì nítorí pé àtẹ̀gùn máa ń ṣòro fún un láàárọ̀. Fún ọdún méjì gbáko, kò jókòó ti ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, orúnkún rẹ̀ sì wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi jáde nílé. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó tètè ya irun rẹ̀, ó gbé omi tíì kaná, ó kó ife mẹ́rin sórí tábìlì de àwọn ará ìjọ tó máa wá kan ilẹ̀kùn. Omi náà hó, ó sì tutù. Ní aago kan ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ìjọ ni: "A dúpẹ́ pé ẹ wá jọ́sìn pẹ̀lú wa lónìí. Inú wa dùn gidigidi láti rí yín." Irú rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ìlú míì, bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Màámi, ẹ̀rọ ló ń fi í ránṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń rí i gbà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Òun nìkan náà ló rántí mi."

"Ẹ ò ṣe wá ìjọ kékeré kan lọ? Wọ́n pọ̀ nígboro."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ lọ? Ohun tí mo fẹ́ ni pé tí mi ò bá wá, kí ẹnì kan mọ̀."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ rọra sọ ọ́ o. Ẹ rántí káfíńtà."

Kò sí bí Ìyá Télọ̀ ṣe máa gbàgbé káfíńtà. Ní ìpàdé gbogbogbòò ọdún tó kọjá, ọkùnrin náà dìde, ó ka àbùkù ìjọ láti orí òrùlé dé orí kápẹ́ẹ̀tì, títí wọ́n fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú jáde, kò sì padà wá. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń ráhùn, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ náà ti fẹ́ kọ́ṣẹ́ káfíńtà?" Ọ̀rọ̀ tí káfíńtà sọ, òótọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ẹyọ kan mọ́. Ariwo rẹ̀ nìkan ni wọ́n rántí.

Nítorí náà, Ìyá Télọ̀ mú bírò. Nígbà tó máa fi gbé bírò sílẹ̀, ẹ̀sùn ti di méje: gbohùngbohùn ń pariwo jù, ẹ̀rọ amúlétutù ń mú otútù wọ eegun, iná àwọ̀ oríṣiríṣi ń ṣẹ́jú, orin ń sá kọjá lójú ògiri kí arúgbó tó ka ìlà kìíní tán, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kà á. Ó rí i pé bí oníbàárà bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá, òun á ní kó lọ ra òmíì. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè: èwo nínú méjèèje ni wọ́n á tún ṣe tí òun á fi lè fara da mẹ́fà yòókù? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó fa ìlà pa mẹ́fà rẹ́.

Èyí tó kù náà, èébú ló jẹ́: "Ìjọ yìí ti gbàgbé àwọn arúgbó rẹ̀." Ó mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí wọ́n fún òun ní bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́dún tó kọjá. Ó ya ìwé náà, ó tún òmíì kọ: "Mi ò wá sí ìsìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó mọ̀. Mo ní ohun kan tí mo rò pé a lè ṣe sí i."

Akọ̀wé ìjọ gbójú sókè nígbà tí Ìyá Télọ̀ wọ ọ́fíìsì. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé Pásítọ̀ ń retí yín?"

"Rárá o. Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn."

Pásítọ̀ kò ju ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá Télọ̀ ló dín ṣòkòtò kóòtù rẹ̀ kù nígbà tó kọ́kọ́ dé ìjọ náà. Pásítọ̀ ka ìwé ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bínú, Mà. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó ti ń san. Ẹjọ́ orúnkún kọ́ ni mo bá wá."

"A ní ẹ̀ka tó ń bẹ èèyàn wò nílé."

"Ta ni wọ́n ń bẹ̀ wò?"

"Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àti ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀ pé ara òun ò yá."

"Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló máa wá forúkọ sílẹ̀?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Nígbà tí mo rí ìwé lọ́wọ́ yín, àyà mi já. Mo ní káfíńtà kejì ti dé."

"Káfíńtà mú òòlù wá. Abẹ́rẹ́ ni èmi mú wá."

"Ẹgbẹ̀rún èèyàn ni, Mà. Mi ò lè máa ka orí wọn."

"Mi ò ní kí ẹ kà á. Ìwọ̀nba tí ojú mi ká ni kí ẹ fún mi. Ọgbọ̀n àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní ìsìn kejì. Kí àwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ máa jókòó síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá kọ orúkọ. Ẹni tí mi ò bá rí, màá pè é."

"Ká dán an wò fún oṣù mẹ́ta," ni Pásítọ̀ wí. Kí Ìyá Télọ̀ tó dìde, ó ti ní kí akọ̀wé yọ "inú wa dùn láti rí yín" kúrò nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá Télọ̀ dúró ti àga rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Àwọn kan sọ orúkọ wọn tayọ̀tayọ̀. Àwọn kan wo ìwé náà bíi pé owó orí ló fẹ́ gbà. Ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù jókòó sí àga kejì sí tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè mọ̀ tí ẹ ò bá wá."

"Màmá, torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí níbí ni mo ṣe ń wá. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, tí mo bá húkọ́ lágbàlá ìjọ, ìyá ìyàwó mi á ti gbọ́ kí n tó délé."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ìyá Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Lóòótọ́, kò tíì rò ó rí pé ohun tó ń dun òun lè jẹ́ ìsinmi fún ẹlòmíì. Ó rò ó jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, kò bi ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́. Ó kàn ń gbé ìwé náà sórí àga tó ṣófo, pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ó ti pe ẹni mẹ́fà nínú wọn. Ọ̀kan rìnrìn àjò ni, ọ̀kan sùn gbàgbé. Olùkọ́ kan gbé fóònù, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà," ó sì gbé e sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí Ìyá Télọ̀ máa bá ọgbọ̀n àga rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ò rí ẹlòmíì tó fẹ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó kù. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún un. Ìyá Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó tún lè bẹ̀bẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tètè dé. Ó jókòó nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣí ìwé náà, ó ń fìka tọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mọ́kànlá, kò sì sí tirẹ̀ níbẹ̀. Bí orúnkún náà bá tún wú lọ́la, ìwé yìí á wà lórí tábìlì nílé lọ́dọ̀ òun, kò ní sí ẹni tó máa ṣí i.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awakọ̀ náà dé, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó na ẹsẹ̀. Ìyá Télọ̀ yí sí i.

"Mi ò bi yín lórúkọ o."

"Ẹ má bi mí."

"Tèmi ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ kan tí ẹ ò rí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Ọkùnrin náà wò ó. "Èmi? Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn mọ́kànlá nínú ìwé."

"Tiwọn wà lọ́wọ́ mi. Tèmi ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Níwájú, wọ́n ti ń dán gbohùngbohùn wò. "Ọ̀nà jíjìn ni mò ń wà, Màmá. Lọ́sẹ̀ míì, mi ò ní sí níbí."

"Mo mọ̀. Mo máa ń rí i. Mi ò sì pè yín."

"Ẹ ò pè mí lóòótọ́." Ó fa fóònù yọ, ó na ọwọ́ sókèèrè bí ẹni tí kò mú awò ojú wá. "Ẹ ka nọ́ńbà yín fún mi. Kí ni kí n kọ síwájú rẹ̀?"

"Ẹ kọ Télọ̀."

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé e fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyọ kan ló kù lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Ìyá Télọ̀ sọ ọ́ fún un, ọkùnrin náà fi í sí i, ó ti fóònù bọ àpò, ó sì kọjú síwájú.