Káàdì Ìgbéyàwó Tí Mo Fi Ẹ̀kọ Lẹ̀

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni àfẹ́sọ́nà mi ti ń ṣiṣẹ́ lásìkò tí owó epo rọ̀bì gbòde. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ káàdì, torí ta ni kì í ṣe ìnáwó nígbà náà? Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àmọ́ kí wọ́n tó tò ó, àfẹ́sọ́nà mi á ti fi báírò pupa kọ àṣẹ sí etí ìwé: kí èyí tóbi, kí tọ̀hún wà láàárín. Ẹni tó ń to lẹ́tà á ṣe bó ṣe wí. Kò sẹ́ni tó máa rí ojú káàdì títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́.

Èmi, télọ̀ ni mí. Ìwé kẹta ni mo kà dé. Bí mi ò bá tíì tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí n fojú rí i, mi ò ní fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Nígbà tó kan káàdì tiwa, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n to orúkọ àwọn bàbá mi láti orí èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù, kó rí bí òrùlé. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń pè ní Bàbá, tó tọ́ mi dàgbà, tó sì máa fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé ni. Oyè Àláájì tí wọ́n fi kún un ti mú kí orúkọ rẹ̀ gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ló bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn àbúrò tó fẹ̀yìn pọ̀n!

Gígùn orúkọ yẹn ni mo fi dá a mọ̀ lára ẹyọ kan tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wò, tí àfẹ́sọ́nà mi mú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo nàka sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, bí Bàbá bá rí èyí, wọn ò ní jókòó níbi yìgì wa o."

"Ó ṣá rẹwà, àbí?"

"Ṣé ẹwà ló máa so yìgì?"

Ó ní òun á tún àṣẹ kọ. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká rí i ná. Mo tẹ́ káàdì náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo gé orúkọ kọ̀ọ̀kan jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

"Áà! Ṣé bùbá lo fẹ́ rán ni?"

"Bùbá ni jàre. Apá bùbá ló ń fẹ̀ jù, òkè ló sì ń wà."

Mo tẹ́ orúkọ Bàbá sókè gbàǹgbà, mo to àwọn àbúrò wọn sábẹ́ bí wọ́n ṣe dàgbà síra. Ọ̀kan yọ síta díẹ̀. Mi ò dá sí i. Ẹ̀kọ tí mo jẹ kù láàárọ̀ ni mo fi lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Àfẹ́sọ́nà mi sún sẹ́yìn, ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó mà tún dáa ju tèmi lọ!"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbé e lọ bá Bàbá ní Ìgàǹdó. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú.

"Kí ló ń rùn bí ẹ̀kọ níbí?"

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ torí Mẹ́kà sọ mí di àbúrò! Èyí tí ọmọ mi gé yìí ni kí wọ́n tẹ̀."

Bàbá fúnra wọn ló fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí káàdì ìdílé kan bá ti le, àwọn ará ilé ìtẹ̀wé á ránṣẹ́: "Ìyàwó wa, wá bá wa gé e wò." Èmi á mú sísọ́ọ̀sì, àwọn á ra ẹ̀kọ.