Ínṣì Méjì Lára Wágọ̀nù

Èmi kì í gba ohun tí ènìyàn bá sọ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí aláṣọ bá wọn yáàdì mẹ́rin fún mi ní Dùgbẹ̀, mo máa ń tún un wọ̀n nílé. Bí ẹnì kan bá ní aago méjì ti lù, aago ọwọ́ mi ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá dé ẹnu bodè ọ̀run, màá ní kí wọ́n dúró ná, kí n wọn bodè náà wò. Èmi náà á ní páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Bí mo bá ti pa òwe yẹn, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kóbókò kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń tò lórí ìlà ni. Iṣẹ́ ìyàwòrán ilé ni mò ń ṣe ní Sẹkitéríàtì, a sì ń gbé ní Bódìjà. Bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, màá kó páálí, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti agolo mílíìkì sórí tábìlì, màá sì máa fi wọ́n ṣe wágọ̀nù kékeré, irú àwọn tí ẹ́ńjìnnì eléèdú ń fà kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n ń kó kòkó, ẹ̀pà àti màlúù. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lára wágọ̀nù gidi ni ínṣì kan lára tèmi. Bí orí ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́tàdínlógójì, mẹ́tàdínlógójì náà ni màá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ látẹ̀yìn agolo, tí yóò wú síta. Bó bá ku ẹyọ kan, n kò ní sùn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Òkè-Àdó kó bá mi fá pákó rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí níbẹ̀ wò ó, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Wágọ̀nù wo lo ṣe yìí? Òjò máa ba kòkó olóko jẹ́. Irin tó ń darí omi lórí ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn. Wọ́n ní ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn fi yẹ wágọ̀nù wò ní rélùwéè kó tó gbéra, pé àwọn ló ń fi òòlù lu ẹsẹ̀ irin rẹ̀, tí àwọn á sì fetí gbọ́ bóyá ó ti sán. Mi ò gbà. Mo wọ mọ́tò lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo lọ yọjú wo àwọn wágọ̀nù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè. Irin náà wà lórí ilẹ̀kùn gbogbo wọn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wá ilé bàbá náà lọ.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì gbáko la sì fi jọ ń ṣe é ní gbogbo Sátidé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, oníjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó ń gbàdúrà kó tó mu omi. Wágọ̀nù méje la fẹ́ ṣe, odindi ọkọ̀ kan bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tèmi kú kí n tó gbọ́njú. Mo fẹ́ràn bàbá yìí, n kò ní tijú láti sọ ọ́. Bí mo bá pẹ́ dé, wọn á ti dúró sẹ́nu géètì, wọn á sì díbọ́n pé adìẹ làwọn ń wò.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ń jẹ mí lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ní ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ ìwọ̀n gbogbo wágọ̀nù sí látijọ́, wọn kì í sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fẹ́ mọ ìwọ̀n kan, wọn á wọlé lọ, wọn á pẹ́, wọn á wá fi bébà pélébé kan lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n ti da ìwọ̀n náà kọ. Èkejì ni pé iye ìgbà tí mo ti bẹ̀ wọ́n pé ká jọ lọ sí Dùgbẹ̀ lọ wo wágọ̀nù kò lóǹkà, wọn kò gbà rí. Lónìí, orúnkún ń dùn wọ́n. Lọ́la, oòrùn ti mú jù. Ẹni tí orúnkún ń dùn sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo rí i, mo pa á mọ́ sínú.

Nígbà tó ku wágọ̀nù méjì kí ó pé méje, wọ́n kọ gíga èyí tó kàn fún mi. Láti orí irin tó ń rìn lé títí dé àárín ìkọ́ tó fi ń so mọ́ èkejì rẹ̀, wọ́n ní ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Bébà náà wà nínú àpò mi nígbà tí ibi iṣẹ́ rán mi ní iṣẹ́ kan lọ sí Dùgbẹ̀. Mo ní téèpù lọ́wọ́. Mo yà síbẹ̀. Wágọ̀nù irú rẹ̀ gan-an dúró síbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, wọ́n fi wáyà dì í.

Mẹ́gáàdì ibẹ̀ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. "Ọ̀gá, kí lẹ ń wọ̀n? Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

Ohun tí téèpù ń sọ fún mi ni mò ń gbọ́. Ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wọn ibẹ̀ náà. Méjìlélọ́gbọ̀n ni.

Ínṣì méjì lára wágọ̀nù, lára tiwa kò nípọn ju páálí ìṣáná méjì tí a lẹ̀ pọ̀ lọ. Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á máa lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tiwa yìí á mọ ohun tó dé bá mi. Bí èyí bá jẹ́ irọ́, kí ni mo mọ̀ nípa márùn-ún tí a ti ṣe? Ṣé bàbá yìí ṣe iṣẹ́ náà rí? Ṣé ìwé tiẹ̀ wà nínú yàrá yẹn, àbí wọ́n kàn ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń ronú ohun tí wọn yóò kọ fún mi? Mo wọ ọ́fíìsì ibùdókọ̀ lọ, mo bá akọ̀wé kan níbẹ̀, mo ṣàpèjúwe bàbá fún un, mo dárúkọ wọn. Ó ní òun ò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò bi í pé ìgbà wo ló dé ẹnu iṣẹ́. Irùngbọ̀n ọmọ náà kò tíì hù tán, èmi tí mo ń wọn ohun gbogbo kò wọn ìyẹn.

Títí Sátidé fi dé, inú mi kò dùn rárá. Mo ń ro bí wọ́n ṣe ń dúró sẹ́nu géètì, mo wá ń bi ara mi pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fẹ́ lára mi. Ìyàwó mi ní kí n fara balẹ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn ní kọ̀rọ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo bá àlejò méjì lọ́dọ̀ wọn, àgbààgbà ìjọ wọn. Bàbá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n ti to wágọ̀nù márààrún lé e, wọ́n ń fi han àwọn àlejò.

"Ọmọ mi tí mò ń sọ fún yín nìyí," wọ́n ní bí mo ṣe yọ.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, n kò tiẹ̀ jókòó kí n tó la ẹnu. "Bàbá, ṣé ẹ ti wọn wágọ̀nù kankan rí láyé yín?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní mo lọ wọ̀n ọ́n fúnra mi. Méjìlélọ́gbọ̀n ni, ẹ kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún mi. Mo sì béèrè yín ní rélùwéè. Wọn ò mọ̀ yín."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fò dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé? Ṣé àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Bàbá na ọwọ́ sí i pé kó jókòó. Wọn kò pariwo. "Wágọ̀nù tí o wọ̀n yẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ àbí ó wà ní títì?"

"Ó wà ní títì. Wọ́n fi wáyà dì í."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Bí wọ́n bá gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lé ọ lórí, ṣé o máa ga bó o ṣe ga yìí? Sípíríǹgì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ó máa jókòó. Bí wọ́n bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó máa dìde. Gbogbo èyí tí à ń ṣe látijọ́ yìí, ṣé a kó ẹrù sí ìkankan nínú wọn ni?"

Wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì gbé ìwé náà jáde fúnra wọn. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ewé rẹ̀ ń ya bí ènìyàn bá ṣí i kánkán. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí n dì í mú. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa ìlà méjì. Wọ́n kọ "Òfìfo" sórí ọ̀kan, wọ́n kọ "Ẹrù" sórí èkejì. Mo rí wágọ̀nù mi níbẹ̀. Òfìfo, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹrù, méjìlélọ́gbọ̀n. Kò sí oníwágọ̀nù kan láyé tó jẹ́ wọn ọkọ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi èmi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

"Ní ti Dùgbẹ̀ tí o ń yọ mí lẹ́nu sí," bàbá ní, "n kò fẹ́ lọ wo bí koríko ṣe ń hù láàárín ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú. Ó ń dùn mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dìde."

Àwọn àlejò bá mi bẹ̀ wọ́n, ìyàwó wọn náà jáde láti inú ilé ìdáná wá bẹ̀ wọ́n. Bàbá ní kò sí ìjà, pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé ìwé náà, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. "Máa mú un lọ. Fi ṣe méjì tó kù. Má jẹ̀ẹ́ kí omi kàn án." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú ọ̀nà.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí nìyẹn. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe èmi ì bá jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe dá wa sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, mo mú ìwé náà, mo mú téèpù, mo gba Dùgbẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ wo bí ilẹ̀kùn ṣe rí ni. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ọ̀pọ̀ wágọ̀nù òfìfo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì yọjú sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó wọ̀n ọ́n. Gígùn rẹ̀ pé. Fífẹ̀ rẹ̀ pé. Gíga rẹ̀ pé, ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èyí tó bá ti pé, mo ń fi báírò pupa máàkì rẹ̀ sínú ìwé, kí n má baà tún un wọ̀n. Mo ti máàkì ojú ewé mẹ́rin nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan wú ikọ́ lẹ́yìn mi.

Bàbá ni. Wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n sì dé fìlà iṣẹ́ wọn àtijọ́, èyí tí n kò rí lórí wọn rí. Sẹkitéríàtì ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n wá mi lọ síbẹ̀ kí a lè jọ wá, kí wọ́n fi bí a ṣe ń wọn wágọ̀nù hàn mí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún wọn pé mo ti lọ sí Dùgbẹ̀. Òógùn bò wọ́n lójú. Wọn kò wo koríko, wọn kò sì wo wágọ̀nù kankan. Ìwé ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n na ọwọ́, mo sì gbé e fún wọn. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n ṣí èkejì, títí wọ́n fi dé ẹ̀kẹrin. Máàkì pupa náà tò wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bí ìgbà tí tíṣà bá máàkì iṣẹ́ ọmọléèwé.

"Mo mà gba máàkì gbogbo rẹ̀," wọ́n ní.

Wọ́n fi ìwé náà sábẹ́ abíyá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tètè délé. Mo tẹ̀ lé wọn títí dé etí títì, mò ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan kan, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá mi má baà wá mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń lọ sí Òkè-Àdó dáadáa. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ìyàwó mi, wọ́n sì ń gbàdúrà fún mi bí mo bá ń lọ. Mo ti kó wágọ̀nù márùn-ún náà wá sílé mi ní Bódìjà, a kò ṣe ẹ̀kẹfà.